Ọwọ́ Tó Mú Dígí Yẹ̀

Bí Màmá Ẹfúnwùmí ṣe ń sọ̀rọ̀ láti inú ilé ìdáná láìdánudúró ni Ìbíyẹmí fi mọ̀ pé àyè ṣì wà fún òun. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ páìpù awò ńlá tí wọ́n fi ń wo sánmà, sípánà kékeré tí ilé iṣẹ́ fún un sì wà láàárín ìka rẹ̀. Màmá bi í láti inú ilé bóyá ó ṣì ń jẹ ata bíi ti ìgbà èwe rẹ̀. Ó dáhùn pé òun ṣì ń jẹ ẹ́. Ẹnu rẹ̀ ò tíì kúrò lórí èsì náà tó fi yí nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́.

Nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló di dígí ńlá mú nídìí awò náà. Ìbíyẹmí mọ̀ wọ́n bí èèyàn ṣe ń fi ahọ́n mọ eyín ẹnu ara rẹ̀. Nínú àgbàlá yìí ló dàgbà sí. Nígbà tí ooru ọdún burúkú pa ìyá tó bí i, Màmá Ẹfúnwùmí, tí gbogbo Òkè-Ọ̀sán ń pè ní Ìyá Aláwò nítorí pé iṣẹ́ awò ojú ló ń ṣe, ló gbà á tọ́. Ìṣojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ dígí yìí, dígí nínípọn kan tí wọ́n yọ lára ilé gíga tó wó. Iyanrìn tó ṣì ní wóró ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́, wọ́n tún fi èyí tó kúnná bí èlùbọ́ lọ̀ ọ́, títí àárín rẹ̀ fi ní kòtò díẹ̀ bí inú àwo. Páìpù omi àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe ara awò náà, láti ayé ìgbà tí omi ẹ̀rọ ṣì ń wọlé tọ èèyàn wá. Gbogbo ohun tí ọwọ́ Ìbíyẹmí mọ̀ nípa dígí, ọwọ́ obìnrin tó wà nílé ìdáná yìí ló ti kọ́ ọ.

Ó yí nọ́ọ̀tì kan sọ́tùn-ún, ó yí èkejì sósì, ó fi ẹ̀kẹta sílẹ̀. Kò dún. Kò sí ohun tó ṣẹ́, kò sì sí ohun tó fọ́. Bíi ti ẹni tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀ ni: ẹsẹ̀ náà pé lójú ẹni tó ń wò ó, àfi ìgbà tó bá dìde. Lẹ́yìn náà ó lẹ èdìdì ilé iṣẹ́ mọ́ orí nọ́ọ̀tì méjèèjì. Ohun kékeré aláìláwọ̀ kan ni, ó dà bí oje igi tó gbẹ. Ojú èèyàn kò lè rí i, ṣùgbọ́n àwòdì irin tó ń rábàbà lókè ìlú, tó ń wá páìpù tó gbójú sókè, yóò rí i, yóò mọ̀ pé awò náà kò ríran mọ́, yóò sì kọjá lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá tún yí nọ́ọ̀tì náà, èdìdì á já, ilé iṣẹ́ á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ orúnkún rẹ̀ dànù. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé oore lòun ṣe.

Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn láti ìlú ńlá títí ó fi gun òkè náà dé orí. Ẹ̀ṣọ́ Òfurufú ni iṣẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń rí sí i pé ẹnikẹ́ni kò fi awò wo òkè. Ọ̀gá rẹ̀, Gbádégẹṣin, ló pè é wọ yàrá, tó ní awò kan wà ní Òkè-Ọ̀sán tó ń wo sánmà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ afọ́dígí sì ti fẹ́ gbéra lọ síbẹ̀. Nígbà tí Ìbíyẹmí gbọ́ orúkọ òkè náà, ara rẹ̀ tutù. Ó bẹ ọ̀gá pé kó jẹ́ kí òun lọ, kí òun mú un yẹ̀ dípò kí wọ́n fọ́ ọ. Òfin fàyè gba méjèèjì: wọ́n lè fọ́ awò, wọ́n sì lè fọ́ ọ lójú. Ọ̀gá bi í léèrè.

"Ṣé ìyá yẹn lò ń ṣàánú, àbí ara rẹ?"

Ó ní ìyá náà ni. Ọ̀gá na sípánà sí i. Ìbíyẹmí sì wá bí ẹni tó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ó ká aṣọ ẹ̀ṣọ́ sí ìsàlẹ̀ àpò, ó ra búrẹ́dì àti ọsàn lójú ọ̀nà. Lẹ́nu àbáwọlé, Màmá dì mọ́ ọn, kò sì tètè tú u sílẹ̀. Àwẹ̀ró ló ń pè é, oríkì tí ẹlòmíràn kì í fi pè é láyé yìí. Ó ní òun ò bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe, pé bí ọmọ bá ti rí oúnjẹ jẹ, tó sì rántí ilé, ó tó.

*

Wọ́n jẹun tán, wọ́n gbé àga síwájú ilé. Ilẹ̀ ti fẹ́ máa ṣú. Ìbíyẹmí ń bó ọsàn nígbà tó ṣàkíyèsí aṣọ méjì tó wà ní etí òrùlé, funfun kan àti pupa kan. Funfun ni wọ́n ta síta, wọ́n ká pupa mọ́ orí igi lẹ́yìn rẹ̀. Ó bi Màmá ohun tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe.

"Ṣé ẹ ò mọ̀ nílùú ńlá pé Agboòrùn ti ń ya ni?" Màmá bi í.

Kò sí ọmọ aráyé tí kò mọ Agboòrùn Ńlá, abala-abala tí wọ́n tẹ́ sójú òfurufú kí òòrùn má baà jó ayé tán. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ Ìbíyẹmí, wọ́n kọ́ wọn pé kò sí ihò kankan lára rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ pé ihò wà, ìjà ibòji ló fẹ́ dá sílẹ̀, irú èyí tí ìlú fi gbé àdá ti ìlú láyé àwọn bàbá wọn, nítorí pé àwọn kan fi awò wo òkè, wọ́n sì rí i pé ibòji àwọn aládùúgbò nípọn ju tiwọn lọ. Torí ìjà yẹn ni wọ́n ṣe ṣòfin pé kí ojú gbogbo ènìyàn wà nílẹ̀. Ìbíyẹmí gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ó rọrùn fún un láti gbà á gbọ́, torí láti ìgbà tó ti wọṣẹ́, kò gbójú sókè mọ́.

Màmá ń ṣàlàyé bí ẹni tó ń sọ ibi tí kànga wà. Ó ní àwọn abala mìíràn ti ya, etí wọn sì ti ká wọnú bíi dígí tó ní kòtò, wọ́n wá ń kó òòrùn jọ sójú kan. Ibi tí irú abala bẹ́ẹ̀ bá kọjá lórí rẹ̀ lọ́sàn-án, ohun tó bá wà lábẹ́ á jó. Ohun tí wọ́n ń pè ní òòrùn já nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ lèèyàn fi ń rí wọn, nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣókùnkùn fún ará ayé, tí òòrùn ṣì wà lára wọn lókè lọ́hùn-ún. Bí òun bá rí ọ̀kan tó ń bọ̀ lọ́nà, òun á ta aṣọ pupa. Lọ́jọ́ kejì, ẹnikẹ́ni ò ní jáde, wọ́n á kó ewúrẹ́ wọlé, wọ́n á bo omi. Ó ní òòrùn ò tíì jó ẹnì kan lórí òkè yìí láti ìgbà tí òun ti ń ta aṣọ.

Ọsàn tí Ìbíyẹmí ń bó dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò ó pé kí òun dìde, kí òun lọ sẹ́yìnkùlé, kí òun dá nọ́ọ̀tì padà. Ó rántí èdìdì. Ó rántí ọkọ̀ afọ́dígí. Ó ní òun á mọ ohun tí òun máa ṣe tó bá yá, àmọ́ Màmá ti dìde ní tirẹ̀.

Àgùàlà ni Màmá máa ń kọ́kọ́ kí, kí ojú rẹ̀ lè mọ́ra. Nígbà tí Ìbíyẹmí wà lọ́mọdé, Màmá ló kọ́ ọ pé Àgùàlà tó ń bá òṣùpá rìn, tí gbogbo ayé ṣebí ajá rẹ̀ ni, kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni. Bí o bá fi awò wò ó, òun náà ní abẹ̀bẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

Màmá tẹ ojú mọ́ awò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù. Ó pẹ́ kó tó mira. Ó mú etí ìró rẹ̀, ó nu awò náà, ó tún wò ó. Ó pa ojú dé, ó fi ìka rọra tẹ ìpéǹpéjú, ó tún wò ó.

"Àgùàlà nírù nírọ̀lẹ́ yìí," ló sọ, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó sún sẹ́yìn. "Àwẹ̀ró, wá bá mi wò ó. Ṣé ó mọ́?"

Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Àgùàlà ti fọ́ yángá bí ẹyin tó bọ́ sínú epo gbígbóná, ó gun lápá kan, ó fẹ̀ lápá kejì. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ tí ohùn ara rẹ̀ jáde.

"Ó mọ́, Màmá. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé."

Bó bá tiẹ̀ mọ sí 'ó mọ́', irọ́ náà ì bá ṣeé fojú fò dá. Ṣùgbọ́n ó tún ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ó mú ọ̀rọ̀ tí Màmá fi kọ́ ọ lọ́mọdé, ó sì fi dá irọ́ náà láre.

Màmá jókòó. Kò pariwo, kò sì káwọ́ lérí. Ó ní ojú òun ni nígbà náà. Ó ní ìyá òun náà, ìgbà tó dàgbà tó báyìí ni tirẹ̀ lọ, àti pé ó ti ń ṣe òun bí ìkùukùu láti ọjọ́ mélòó kan, òun kàn ń tan ara òun jẹ ni.

"Àbí awò ló yẹ̀?" Ìbíyẹmí ò mọ ìgbà tó sọ ọ́. Bóyá ńṣe ló fẹ́ kí wọ́n ká òun mọ́.

Màmá mi orí. "Láàárọ̀ yìí ni mo tò ó. Kò sì sẹ́ni tó sún mọ́ ọn láti ìgbà náà, àfi ìwọ." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bí ìwọ bá sì sún mọ́ ọn, bí ẹni pé èmi ni."

Ó dìde, ó bọ́ aṣọ méjèèjì kúrò létí òrùlé, ó sì ká wọn sórí ara wọn. Ó ní ohun tí òun kò bá rí, òun ò ní fi ẹ̀mí èèyàn ta tẹ́tẹ́ lé e lórí. Ó rìn dé etí ọgbà, ó sì sọ fún Adégòkè, bíríkìlà tó ń gbé lódìkejì, pé kó bá òun sọ fún gbogbo ilé pé Ìyá Aláwò kò ríran mọ́. Adégòkè ní kí Màmá má ronú, pé àwọn á máa ṣe bí wọ́n ti ń ṣe kí awò tó dé, Ọlọ́run á máa ṣọ́ àwọn. Ìbíyẹmí jókòó sórí àga, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bó ṣe bó ọsàn náà tán, kò lè jẹ ẹ́.

*

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá ti di arúgbó. Obìnrin tó ń rìn gbáà-gbáà lánàá bẹ̀rẹ̀ sí fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ògiri lọ sílé ìdáná. Ó gbé àwo ẹ̀wà fún Ìbíyẹmí pé kó bá òun ṣà á, pé òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi eyín gé òkúta. Abẹ́rẹ́ tó fi ń rán ìbòrí rẹ̀ lánàá, ó ní òun ò rí ihò rẹ̀ mọ́. Ìbíyẹmí mọ̀ pé ó ń rí i. Ojú náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, torí pé ọmọ tó tọ́ ti jẹ́rìí lòdì sí i.

Lẹ́yìn tí wọ́n mu ẹ̀kọ, Màmá mú ìdérí ìgò kékeré kan jáde láti inú àpótí. Ó ti lu ihò bíńtín sí àárín rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń rọ́pò awò kékeré nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tò dígí. Ó fi lé Ìbíyẹmí lọ́wọ́.

"Nígbà tó o bá ń lọ, gbé awò náà lọ," ló wí. "Ẹni tó ríran ló ni ín."

Ìbíyẹmí di ìdérí náà mọ́wọ́. Ojú tì í débi pé kò lè dúpẹ́, Màmá sì rò pé ẹkún ló fẹ́ sun, ó fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Ọ̀sán ṣì ń bọ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ yí padà. Ìmọ́lẹ̀ ojoojúmọ́ lábẹ́ Agboòrùn dà bí ìmọ́lẹ̀ inú àgọ́, kò gbóná, kò tutù. Ohun tó wá lọ́jọ́ náà funfun ju ìyẹn lọ. Ó gba apá ìlà oòrùn gun òkè bọ̀ bí ẹni ń fa aṣọ. Ibi tó bá kàn, páànù orí ilé á máa han. Ewúrẹ́ ké, igbe rẹ̀ sì dá dúró lójijì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ohùn ìyàwó Adégòkè.

Adégòkè wà lórí ògiri ilé tó ń mọ. Kí wọ́n tó lè gbé e sọ̀kalẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ náà ti kọjá lọ sí àfonífojì, bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀ ti lé ròrò, awọ ara ń bọ́ tẹ̀ lé ẹ̀wù. Ilé Màmá ló sún mọ́ wọn jù, ibẹ̀ ni wọ́n gbé e wọ̀. Ìbíyẹmí ń bu omi, omi náà ń dà sílẹ̀ ju bó ṣe ń dà sára ọkùnrin náà lọ. Adégòkè ń mí. Ó ń pe orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ìyá kan tó mọ̀ nípa ewé wá, ó wò ó, ó ní kò ní kú, ṣùgbọ́n ó máa pẹ́ kó tó fẹ̀yìn lélẹ̀.

Ìyàwó Adégòkè nu ojú. Kò bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

"Màmá, a wo iwájú ilé yín láàárọ̀. A ò rí aṣọ kankan."

Màmá Ẹfúnwùmí sọ pé ojú òun ló kú. Ó di etí àga mú, ó rọra ń sọ̀kalẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe títí orúnkún rẹ̀ méjèèjì fi kanlẹ̀ níwájú obìnrin tó lè bí ní ọmọ-ọmọ. Ó ní kí wọ́n dárí ji òun. Ó ní òun ni kò tètè gbà pé ojú ti ń lọ, òun ò kọ́ ẹlòmíràn, òun ló fa gbogbo rẹ̀.

Ìyàwó Adégòkè figbe ta pé kí wọ́n dìde, pé èèwọ̀ ni, òun náà sì wólẹ̀ tì í. Ìbíyẹmí kò dá wọn dúró. Ó gbé igbá omi sílẹ̀. Ó ti mọ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé pé ìtìjú lè pọ̀ débi tí èèyàn á fi dákẹ́. Kò mọ̀ pé ó lè tún pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, débi tí kò ní lè dákẹ́ mọ́.

"Kì í ṣe ojú yín, Màmá. Èmi ni."

Wọ́n yíjú sí i. Ó mú sípánà jáde nínú àpò, ó fa aṣọ ẹ̀ṣọ́ yọ láti ìsàlẹ̀ àpò, ó kó méjèèjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó sọ ohun tó fi ọwọ́ ṣe nígbà tí Màmá wà nílé ìdáná tí wọ́n ń bi í léèrè ata. Ó ní kí wọ́n má baà fọ́ ọ lòun ṣe ṣe é. Nígbà tí gbólóhùn yẹn jáde lẹ́nu rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ gbọ́ bó ṣe rí, kò sì parí rẹ̀.

Adégòkè ń kérora. Màmá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè.

"Nígbà tí mo ní kó o bá mi wò ó. O wò ó, o rí i pé ó ti bàjẹ́, o sì sọ fún mi pé ó mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Màmá nawọ́ sí ìyàwó Adégòkè, ìyẹn sì gbé e dìde. Kò fọwọ́ kan ògiri nígbà tó ń rìn jáde lọ sẹ́yìnkùlé.

"Ìbíyẹmí," ló wí lẹ́nu ọ̀nà. Kò pe oríkì mọ́. "Wá tò ó padà."

Ìbíyẹmí tẹ̀ lé e. Ó ṣàlàyé pé èdìdì wà lórí nọ́ọ̀tì, pé bí òun bá yí i, wọ́n á mọ̀, ọkọ̀ náà á wá, wọ́n á kó awò, wọ́n á sì mú òun. Màmá dúró kó sọ tán.

"Ṣé mo bi ọ́ ní ìyẹn?"

Àwọn ará àdúgbò ti ń pé jọ létí ọgbà. Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn kí Ìbíyẹmí tó dé ìdí awò. Ó yọ awò kékeré kúrò, ó fi ìdérí ìgò sí àyè rẹ̀, ó sì gba ihò bíńtín náà wo inú páìpù. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni òrùka nínú òrùka, bí ìgbà tí òkúta bọ́ sínú omi: etí páìpù, dígí kékeré tó dagun lókè, dígí ńlá nísàlẹ̀, òrùka bébà tí wọ́n lẹ̀ sí àárín dígí ńlá náà, àti láàárín gbogbo rẹ̀, ẹyinjú ẹni tó ń wò. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ibi tó fẹ́ràn jù nìyẹn, pé bí gbogbo nǹkan bá ti tò, ojú rẹ á máa wo ọ́ padà láti ìsàlẹ̀ páìpù. Lónìí, òrùka bébà ti sá lọ sí ẹ̀gbẹ́, ojú náà sì gé méjì.

Ó yí nọ́ọ̀tì. Èdìdì àkọ́kọ́ já, ó dún bí ìgbà tí wọ́n bá ṣá ìṣáná. Ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ so mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́ gbọ̀n: wọ́n ti mọ̀. Ó yí èkejì, ìyẹn náà já. Yóò yí díẹ̀, yóò dìde lọ wò, yóò padà wá kúnlẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá fi ojú sí ihò, ojú ara rẹ̀ ló ń bá pàdé, kò sì lè wò ó pẹ́. Ó ń mú ojú kúrò kó tó rí ibi tí òrùka wà, nítorí bẹ́ẹ̀ ó ń ṣì í yí. Iṣẹ́ tó fi ọwọ́ méjì dá sílẹ̀ láàárín ìbéèrè ata kan wá di iṣẹ́ tó ń làágùn lé lórí.

"O ò tíì dá nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ padà tó," Màmá sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn tó fi ń kọ́ ọ láyé àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ìfẹ́ nínú rẹ̀, kò sì sí ìkórìíra.

Ó yí ti ìsàlẹ̀. Ó fi ipá mú ara rẹ̀ wo ojú tó wà nínú dígí. Òrùka bébà rọra rìn bọ̀ wá sí àárín, ó jókòó síbẹ̀. Ojú náà pé. Ó ń wò ó.

Ó sún sẹ́yìn. Màmá fi awò kékeré padà sí àyè rẹ̀, ó yí páìpù kọjú sí òkè kejì tó wà ní òdìkejì àfonífojì, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Gbogbo èèyàn ń retí.

"Mo rí imọ̀ ọ̀pẹ kan," ló wí. "Ìtẹ́ ẹ̀gà wà lára rẹ̀. Ẹ̀gà kan ń bọ́ ọmọ."

Ó dìde. Omi ti kún ojú rẹ̀. Ó wo àwọn ará àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé, lẹ́yìn náà ó wo Ìbíyẹmí. Ó wò ó pẹ́. Ojú náà mọ́ kedere, kò sí ìkùukùu kankan níbẹ̀, Ìbíyẹmí kò sì mọ ibi tí yóò fi tirẹ̀ sí.

*

Ìyàwó Adégòkè ló ní kí wọ́n gbé awò náà kúrò kí ọkọ̀ tó dé. Òfin kì í mú ẹni tí wọn ò bá awò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan bọ́ síwájú, wọ́n tú páìpù kúrò lórí ìdúró rẹ̀. Ìbíyẹmí náà nawọ́ láti bá wọn gbé ìdí rẹ̀, níbi tí dígí ńlá wà, torí ó mọ bó ṣe wúwo tó. Ọ̀kan nínú wọn dúró, ó wo Màmá. Àwọn yòókù náà dúró. Ìbíyẹmí fa ọwọ́ padà sẹ́yìn.

"Wọlé lọ," Màmá sọ fún un. "Kọjú sí ògiri."

Ìbíyẹmí ní òun ò ní sọ ibi tí wọ́n bá gbé e lọ fún ẹnikẹ́ni láé. Màmá ní bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní bí wọ́n bá tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó mọ ilé, oúnjẹ ò sì ní wọ́n ọn níbẹ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ ìgbà tí mà á tún lè ní kó o bá mi wo nǹkan."

Ó wọlé. Ó dúró níwájú ògiri tó ti fi èédú yàwòrán sí nígbà kan rí, wọ́n ti kùn ún lẹ́yìn ìgbà náà. Ó gbọ́ tí wọ́n gbé awò náà kọjá lójú fèrèsé. Ó gbọ́ tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí béèrè bóyá ọ̀nà apá ọ̀tún ni, tí Màmá sì ṣe "ṣìì" sí i, torí pé Ìbíyẹmí wà nítòsí. Ìró ẹsẹ̀ náà lọ, ó sì jìnnà. Ó lè ti fi etí tẹ̀ lé e. Ó fi ọwọ́ di etí méjèèjì.

Nígbà tó tú wọn sílẹ̀, ọkọ̀ afọ́dígí ló ń gbọ́ tó ń gun òkè bọ̀. Ó lọ mú aṣọ ẹ̀ṣọ́ nílẹ̀, ó ká a lọ́wọ́, kò wọ̀ ọ́, ó sì jáde lọ pàdé wọn lójú ọ̀nà. Ọ̀gá Gbádégẹṣin fúnra rẹ̀ ló sọ̀kalẹ̀. Ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó rí ìdúró igi tó ṣófo àti ibi tí wọ́n da omi tí wọ́n fi wẹ ara Adégòkè sí, ó sì bi í ní pẹ̀lẹ́ ibi tí awò náà wà.

Ó ní òun ò mọ̀. Òótọ́ ni, kò fi ohunkóhun pa mọ́, òótọ́ náà sì dùn ún ju gbogbo irọ́ tó ti pa lọ.